Ọ́ìlì Pupa: Ìtàn Gíà Tó Ń Yí Ara Rẹ̀

Orí òkè Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni ọkọ̀ wa ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. N kò sọ pé ó kú, nítorí ẹńjìnnì rẹ̀ kò kú rárá. Bí Màámi ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn ni ẹńjìnnì ń ké, àmọ́ ọkọ̀ kò sún síwájú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Màámi fa bíréèkì ọwọ́, ó ní kí n sáré sọ̀ kalẹ̀ kí n wá òkúta há sí ìdí táyà. Mo wà ní JSS 3 nígbà náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè, ọlọ́kadà kan sì ń pariwo, "Ẹ tì í! Ẹ bá wọn tì í!" bí ẹni pé títì ló kù.

Màámi kò lè wa irú ọkọ̀ mìíràn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un ní ẹsẹ̀ òsì láti kékeré. Ẹsẹ̀ náà ń gbé e rìn, àmọ́ kò ní agbára tí yóò fi máa tẹ kúlọ́ọ̀ṣì ní ìgbà 100 láàárọ̀ kan ṣoṣo nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀tọmátíìkì, nìkan ló lè wà. Òun ló fi ń lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ló fi ń gbé wa, òun náà ló fi ń gbé Bàbá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí gíà yẹn yọ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ Màámi ló yọ̀.

Owó tí mọkálíìkì dá lé e ju owó oṣù Màámi mẹ́rin lọ. A gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ igi máńgòrò, a fi tapólì bò ó, oṣù 7 gbáko ló sì lò níbẹ̀. Owó tí a fẹ́ fi gba fọ́ọ̀mù WAEC fún ẹ̀gbọ́n mi bá àtúnṣe yẹn lọ. Ọdún kejì ló tó ṣe ìdánwò náà.

Bàbá àgbà, tó bí Màámi, ti ṣe mọkálíìkì lọ́rì Bedford àti Peugeot kí ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Nígbà tí a sọ fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Màámi: "Ìgbà wo lo yọ ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn?"

Màámi wo ilẹ̀. "Bàbá, wọn ò sọ fún mi pé wọ́n ń yọ ọ́."

Ọdún 6 la ti ra ọkọ̀ náà. A ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹńjìnnì láìmọye ìgbà, a ti pààrọ̀ táyà, a ti ra bátìrì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní tèmi, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé gíà ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìbéèrè Bàbá àgbà yẹn ni mo ń tọpa nínú àròkọ yìí. Mo fẹ́ mọ ibi tí gíà tó ń yí ara rẹ̀ ti wá, àti bó ṣe di ohun tí a gbà gbọ́ pé kò nílò ìtọ́jú.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe. Ẹńjìnnì kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí ìdúró bí ẹṣin. Bí kò bá tíì máa yí dé ìwọ̀n kan, kò ní agbára. Bí a bá so ó mọ́ táyà tààrà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ẹńjìnnì náà yóò kú. Ìdí nìyẹn tí gíà fi wà láàárín àwọn méjèèjì láti pín agbára, tí kúlọ́ọ̀ṣì sì wà láti máa já wọn kúrò lára ara wọn, kí ó tún so wọ́n pọ̀. Bàbá àgbà ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, àwọn ògbólógbòó lọ́rì kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì kí gíà kan tó wọlé. Bí ó bá ṣì í, eyín gíà á ha ara wọn, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé awakọ̀ tuntun ni.

Ará Amẹ́ríkà kan, Earl Thompson, ló dín ìyà yẹn kù. Ẹ̀rọ tó ṣe ń mú kí eyín méjèèjì máa yí ní ìwọ̀n kan náà kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Ọkọ̀ Cadillac ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1928. Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ti ń gbìyànjú láti mú un kúrò pátápátá. Alfred Horner Munro, ará Kánádà láti ìlú Regina, ṣe gíà kan tó ń fi afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba lórí rẹ̀ ní 1923. Afẹ́fẹ́ kò lágbára tó, gíà náà kò sì dé ọjà.

Orí omi ni ìdáhùn ti wá. Hermann Föttinger jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Stettin, ìlú tó ti bọ́ sábẹ́ orílẹ̀-èdè Poland lónìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi yí máa ń sáré ju bí abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ṣe yẹ kó sáré lọ. Ní 1905, ó gba ìwé-ẹ̀rí lórí ọ̀nà kan tó fi ń gba inú ohun olómi gbé agbára láti ibì kan dé ibòmíràn, láìjẹ́ pé irin kan irin.

Bí tíṣà Físíìsì wa ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Ẹ gbé fáànù méjì kí wọ́n kọjú sí ara wọn. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ má tan èkejì. Láìpẹ́, atẹ́gùn èyí tí ẹ tàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí tí ẹ kò tàn. Ẹ wá fi ọwọ́ di èkejì mú: èkíní yóò ṣì máa yí, kò ní bàjẹ́, kò sì ní dúró. Ẹ mú atẹ́gùn kúrò, kí ẹ fi ọ́ìlì dípò rẹ̀, kí ẹ pa fáànù méjèèjì dé sínú àgbá irin kan. Ohun tó wà láàárín ẹńjìnnì àti gíà ọkọ̀ Màámi nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró níwájú iná pupa kí ẹńjìnnì má sì kú, láìsí pé ẹsẹ̀ òsì tẹ ohunkóhun.

Thompson yìí kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Motors ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n pe gíà wọn ní Hydra-Matic. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1939 fún ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Gíà 4 ló ní láti lọ síwájú, dọ́là 57 sì ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò fi kún owó ọkọ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ àwọn aráàlú dúró ní oṣù Kejì ọdún 1942, gíà náà sì lọ sójú ogun nínú ọkọ̀ ìjà M5 àti M24. Ẹńjìnnì Cadillac méjì ló wà nínú ọkọ̀ ìjà kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Hydra-Matic tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ìpolówó ọjà wọn kò yéé fi èyí yangàn.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ̀rọ ni àwọn ìwé ń ròyìn. Èmi rò pé ọ́ìlì ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ wo iye iṣẹ́ tí wọ́n kó lé e lórí. Òun ló ń gbé agbára láti fáànù kan sí èkejì. Òun ló dípò ọwọ́ awakọ̀, nítorí agbára títì rẹ̀ ló ń mú kí gíà wọlé tàbí kó jáde. Òun ló ń gbé ooru kúrò, òun ló sì ń jẹ́ kí eyín irin máa yọ̀ lára ara wọn. Èyí tó wá le jù ni pé àwọn awo kúlọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kan wà nínú gíà náà, inú ọ́ìlì yìí kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ di ara wọn mú ṣinṣin bí wọ́n bá kan ara wọn. Ọ́ìlì tó gbọ́dọ̀ yọ̀ ní ibì kan tí kò sì gbọdọ̀ yọ̀ ní ibòmíràn! Ọ́ìlì ẹńjìnnì lásán kò lè ṣe é.

Ní 1949, General Motors gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní Type A. Aró ló ń jẹ́ kí irú ọ́ìlì yìí pupa. Bí a bá rí ìkán rẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, a óò mọ̀ pé gíà ló ń jò, kì í ṣe ẹńjìnnì.

Ohun tó wà nínú ọ́ìlì náà ló yà mí lẹ́nu jù. Irú àbùùbùtán kan wà nínú òkun tí orí rẹ̀ gùn tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara rẹ̀. Òróró tó jọ ìda wà nínú orí náà. Ayé àtijọ́ ń fi í tan fìtílà, wọ́n sì ń fi ṣe àbẹ́là. Òróró ara ẹja ńlá yìí kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru, kì í sì í sá bí irin bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ ọ́ìlì gíà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé, mo rò ó fún ìgbà díẹ̀. (Mo mọ̀ pé àbùùbùtán kì í ṣe ẹja ní tòótọ́, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà Bàọ́lọ́jì mi, ẹ má bínú.) Ẹranko tó gùn ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa lọ ń kú sínú agbami, kí ẹsẹ̀ òsì ẹnì kan lè sinmi ní ìlú Detroit.

Wọ́n pa wọ́n títí iye wọn fi dín kù gan-an. Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ àbùùbùtán yìí mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, gbígbé òróró rẹ̀ wọ̀lú sì di èèwọ̀. Òfin tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ tẹ̀ lé e ní 1973. Èmi fara mọ́ òfin náà. Àmọ́ ó bá àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì lójijì. Wọ́n ní láti wá ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ òróró yẹn láìsí òróró yẹn. General Motors gbé Dexron II jáde, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọ́ìlì tuntun náà ń jẹ irin tí wọ́n fi jó ojú ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù. Wọ́n ní láti lọ tún un pò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yíjú sí igi kékeré kan tó ń jẹ́ jojoba, tó ń hù nínú aginjù Arizona àti Mẹ́síkò, nítorí òróró inú èso rẹ̀ jọ ti àbùùbùtán. Gíà kò yí padà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ọ́ìlì nìkan ló yí padà, gbogbo ilé-iṣẹ́ sì dàrú.

Ní àkókò kan náà, ìtàn tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá àti Peugeot 504 ni Nàìjíríà mọ̀, gíà tí a ń fi ọwọ́ yí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Orí irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni Bàbá àgbà ti kọ́ṣẹ́, orí wọn náà ló sì ti kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1986 tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀, tí náírà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí tíṣà ń wò láti òkèèrè. Tòkunbọ̀ wá gba ìlú. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó wá padà wálé ni Yorùbá fún ọkọ̀ wọ̀nyí, orúkọ náà sì bá wọn mu. Nígbà tí àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá pọ̀ sí i, yálà wọ́n gba Èkó ni tàbí Kútọnu, ọ̀tọmátíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wà nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọkọ̀ dé, ìwé rẹ̀ kò dé. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn, tàbí irú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni gba ọmọ ọdún 10 tọ́ láìmọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà. Ọwọ́ àwọn mọkálíìkì tó mọ Peugeot dénú egungun ni a sì gbé ọmọ náà lé. N kò bú wọn. Bàbá àgbà gan-an jẹ́wọ́ pé nígbà tí ọ̀tọmátíìkì àkọ́kọ́ wọ ìsọ̀ òun, òun ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ọlọ́kadà tó ní kí wọ́n tì wá, àṣà mánúà ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ti 504, ẹńjìnnì rẹ̀ á jí. Àwọn Hydra-Matic ìjímìjí náà ṣeé tì, nítorí pọ́ǹpù ọ́ìlì méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan níwájú tí ẹńjìnnì ń yí, ọ̀kan lẹ́yìn tí táyà ń yí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ṣe gíà yọ pọ́ǹpù ẹ̀yìn kúrò láti dín owó kù. Láti ìgbà náà, bí ẹńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì kì í lọ síbi kankan. Àwa kò mọ̀. Okùn la so mọ́ ọkọ̀ Màámi láti Mókọ́lá dé ìsọ̀ mọkálíìkì, táyà iwájú rẹ̀, èyí tí gíà ń yí, ń yí nílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, láìsí ọ́ìlì tó ń ta sí eyín inú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá àgbà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó yẹ kí a ti gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, tàbí kí a gbé gbogbo ọkọ̀ sórí ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń sọ, pé ọ́ìlì inú gíà òde òní jẹ́ ti ayérayé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ àwọn ọlọ́jà nìkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ló kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, wọ́n sì ń ṣe gíà mìíràn láìsí géèjì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ṣe gíà fúnra wọn wí. ZF ti Friedrichshafen ní Jámánì wà lára àwọn tó lórúkọ jù nídìí gíà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1915 láti máa ṣe eyín gíà fún ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin, gíà wọn sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá. Ìmọ̀ràn tí ZF ń fúnni ni pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì gíà wọn láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí lẹ́yìn ọdún 8. Ẹni tó bí ọmọ ní ọmọ òun ń jẹun. Ta wá ni ẹni tó ní kò jẹun? Ẹ tún rántí pé àwọn tó kọ "ayérayé" sínú ìwé kò wa ọkọ̀ wọn gba súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ní ọ̀sán oṣù Kẹta. Láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò kan wà pé bí ooru ọ́ìlì bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lọ sókè ju bó ṣe yẹ, ọjọ́ ayé rẹ̀ dín sí ìdajì.

Ọkùnrin tó ń tún gíà ṣe tú gíà wa sílẹ̀ níwájú mi. Ọ́ìlì tó jáde dúdú bí kọfí, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹ̀wà tó jó nídìí ìkòkò. Àwọn awo kúlọ́ọ̀ṣì ti di dúdú, ara wọn sì ń dán bí àwo tánganran. Ó na ọ̀kan sí mi pé kí n fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tí ó lè di mú mọ́. Nínú redíétọ̀, ìpẹtà pupa ló kún ibẹ̀, nítorí omi kànga la ń bù sí i. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ́ìlì gíà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gba inú redíétọ̀ kọjá láti tutù. Bí ìpẹtà bá dí ibẹ̀, ọ́ìlì kò ní tutù. Bí ó bá sì lu ibẹ̀, omi àti ọ́ìlì á dàpọ̀, wọ́n á dà bí wàrà aláwọ̀ osùn, gíà á sì parí.

Mo bi ọkùnrin náà nípa ohun tí àwọn kan ti sọ fún Màámi, pé bí a bá yọ ọ́ìlì ògbólógbòó kúrò nínú gíà, gíà náà á kú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Bí awo bá ti jẹ tán, ẹ̀tù tó jẹ kúrò lára rẹ̀ ń léfòó nínú ọ́ìlì, ẹ̀tù yẹn náà ló kù tí awo fi ń di ara wọn mú. Bí ọ́ìlì mímọ́ bá dé, ẹ̀tù á lọ, awo á sì yọ̀. Gíà tó ti kú ni, ó ní, ìdọ̀tí ló ń gbé e rìn. Ẹni tó bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn nítorí kò pe ẹnikẹ́ni ní òpè.

Gíà tòkunbọ̀ mìíràn la rà ní Gáté. Màámi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé-ìwé wọn, ó sì fi oṣù 18 san án. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé gíà náà wọlé, Bàbá àgbà ní kí a gbé àga fún òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ìlì tó bá a wá dànù, kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ra irú ọ́ìlì tí a kọ sínú ìwé ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà ti pupa. Mọkálíìkì náà bu ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì sọ fún wa pé bí a bá tú ọ́ìlì lábẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù wà nínú àgbá fáànù. Nítorí náà, a padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín oṣù mẹ́ta, títí tí èyí tó ń jáde fi mọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo 40,000 kìlómítà ni tiwa.

Màámi fúnra rẹ̀ yí àṣà padà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń fi ẹ̀yìn jáde nínú ọgbà, kí ọkọ̀ tó dúró ló ti ń fà á sí D, gíà á sì ta gbì. Ó ń dúró pátápátá báyìí. Omi kànga kò wọ redíétọ̀ mọ́. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá, kò jẹ́ bọ́ gíà sí N láti fi dá epo sí.

Iṣẹ́ tèmi ni géèjì. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn tí Màámi bá ti wa ọkọ̀ náà dé láti ọjà tí gíà ti gbóná, ẹńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, gíà á wà ní P. Bí ìwé ọkọ̀ tiwa ṣe ní ká ṣe é nìyẹn. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi yàtọ̀, pípa ni wọ́n ń pa ẹńjìnnì tirẹ̀ kí wọ́n tó wò ó. Mo á fa géèjì yọ, mo á nù ún, mo á tì í padà, mo á tún fà á yọ. Mo á kán ọ́ìlì rẹ̀ sórí aṣọ funfun, mo á sì gbé e lọ bá Bàbá àgbà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú rẹ̀ kò lè rí àwọ̀ náà mọ́. Imú rẹ̀ ló fi ń wò ó.

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú bírò tí a so okùn mọ́. Oṣù tó kọjá, Bàbá àgbà gbé aṣọ náà sí imú, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò.

"Kò jó," ó ní. "Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Ó pupa, Bàbá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ ọjọ́ náà, mo kọ 163,208, mo sì kọ "pupa" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màámi ti wà nídìí ọkọ̀, ó ń dúró dè mí kí ó fi wa ọkọ̀ náà lọ fọ̀.